Niútírà, wáyà ilẹ̀ àti jẹnẹrétọ̀: bí ẹ ṣe máa so wọ́n mọ́ ilé tí iná kò fi ní gbé ẹnikẹ́ni

Ẹ tan jẹnẹrétọ̀ lálẹ́, ẹ di ilẹ̀kùn fíríìjì mú, iná sì ta yín lọ́wọ́. Ẹ ránṣẹ́ pe oníná, ó fi tẹ́sítà kan ibí, ó fi kan ọ̀hún, ó ní, "Màmá, bẹ́ẹ̀ náà ni iná jẹnẹrétọ̀ ṣe máa ń ṣe, ẹ ṣáà máa wọ bàtà." Ẹ má gbà á fún un. Jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n so dáadáa, nínú ilé tí wáyà ilẹ̀ rẹ̀ pé, kì í ta ènìyàn. Èyí tó ń ta yín lọ́wọ́ lónìí lè gbé ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù lọ́la.

Ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, láti Takié dé Arójẹ, láti Sábó dé àwọn ilé akẹ́kọ̀ọ́ tó yí yunifásítì LAUTECH ká ní Under G àti Adénìkẹ́, àṣìṣe mẹ́ta kan náà ni mo máa ń bá nídìí ṣéńjófà, súwíṣì tí a fi ń gbé ilé láti orí NEPA sí orí jẹnẹrétọ̀. Wọ́n á so niútírà (wáyà tí iná ń gbà padà) NEPA àti ti jẹnẹrétọ̀ pọ̀ di ọ̀kan. Wọn ò ní fa wáyà ilẹ̀ dé ara jẹnẹrétọ̀ rárá. Tàbí kí wọ́n so niútírà mọ́ ilẹ̀ níbi tí kò yẹ. Onílé ni mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún, kí ó lè dúró ti oníná, kí ó mọ ohun tó ń ṣe, kí ó sì dán iṣẹ́ náà wò kó tó sanwó. Inú ṣéńjófà àti DB (àpótí tí àwọn brẹ́kà ilé wà), oníná tó ní ìwé àṣẹ NEMSA, àjọ ìjọba tó ń ṣàyẹ̀wò iṣẹ́ iná, ni kí ó fọwọ́ kàn án. Mítà àti síìlì orí rẹ̀, ti ilé-iṣẹ́ iná ni; kí ẹnikẹ́ni má tú u.

Ọ̀rọ̀ kan ṣáájú. Bó bá jẹ́ pé jẹnẹrétọ̀ kékeré tí àwa ènìyàn ń pè ní "I better pass my neighbour" ni ẹ ní, tó jẹ́ fáànù kan, gílóòbù mélòó kan àti fóònù lẹ fẹ́ fi ṣe, ẹ má so ó mọ́ wáyà ilé rárá. Ẹ fa ẹ̀ẹ̀sìtẹ́ńṣọ̀n tó dára láti ìta wọlé, ó tán. Iṣẹ́ tó wà nísàlẹ̀ yìí wà fún ẹni tí jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ tó 2kVA sókè, tó fẹ́ kí gbogbo ilé máa jẹ ẹ́.

Ohun tí ẹ máa ní kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀

- Ṣéńjófà onípóòlù méjì, 63A, fún ilé tó ń lo féèsì kan. Póòlù méjì túmọ̀ sí pé ó ń gé láìfù (wáyà tó ń gbé iná wá), ó sì ń gé niútírà pẹ̀lú. Ilé oníféèsì mẹ́ta ń fẹ́ onípóòlù mẹ́rin.
- RCD onípóòlù méjì, 30mA, fún ilé tó ń lo féèsì kan. Ẹ̀rọ kékeré tó ń gé iná nígbà tí iná bá ń jò gba ibi tí kò yẹ ni. Nọ́ńbà A rẹ̀ kò gbọdọ̀ kéré sí ti brẹ́kà ńlá ilé.
- Wáyà rọ́bà oníkùn mẹ́ta láti ibi jẹnẹrétọ̀ dé ṣéńjófà: 2.5mm fún jẹnẹrétọ̀ 2.5kVA sí 3.5kVA, 4mm fún 5kVA. Mẹ́ta ni mo wí. Wáyà oníkùn méjì ni orísun ìdajì wàhálà yìí.
- Ọ̀pá ilẹ̀ alábàbà tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 4 ó kéré tán (mítà 1.2), kíláàǹpù idẹ rẹ̀, àti wáyà ilẹ̀ 6mm tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, aláwọ̀ ewé àti yẹ́lò.
- Irin ẹlẹ́nu púpọ̀ tí gbogbo wáyà ilẹ̀ máa pàdé sí.
- Gílóòbù yẹ́lò àtijọ́ tó máa ń gbóná, 60W kan, 100W kan, pẹ̀lú ilé gílóòbù, plọ́ọ̀gì àti kọnẹ́tọ̀. Gílóòbù LED kò lè ṣe iṣẹ́ yìí, torí iná tín-ń-tín tí kò ní agbára kankan lè mú un tàn, yóò sì tàn yín jẹ.
- Mọ́tímítà, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn iná.

Kí ẹ tó sanwó wáyà, ẹ fi réésà họ ẹnu rẹ̀ díẹ̀. Bí inú irin náà bá funfun, wọ́n kàn fi bàbà kùn ún lára ni. Yóò gbóná, yóò sì jó níbi tí wọ́n bá ti dè é. Ẹ tún ṣọ́ àwọ̀. Nínú ilé àtijọ́, pupa ni láìfù, dúdú ni niútírà. Nínú wáyà ìgbàlódé, búráùn ni láìfù, búlúù ni niútírà. Ṣùgbọ́n ilé àtijọ́ oníféèsì mẹ́ta ń lo búlúù fún láìfù kan! Ẹ má fi ojú lásán pe wáyà kankan ní niútírà; ẹ jẹ́ kí wọ́n wọ̀n ọ́n.

1. Ibi tí jẹnẹrétọ̀ máa wà

Ìta gbangba ni. Kì í ṣe ọ̀dẹ̀dẹ̀, kì í ṣe kíṣínì tí wọ́n ṣí fèrèsé rẹ̀ sílẹ̀. Èéfín rẹ̀ ní gáàsì kan tí kò ní òórùn, tó ń pa odindi ìdílé lójú oorun. Ẹ jẹ́ kó jìnnà tó ẹsẹ̀ bàtà 20 sí fèrèsé àti ilẹ̀kùn, kí sálẹ́ńsà rẹ̀ kọ ẹ̀yìn sí ilé yín àti ti aládùúgbò. Ẹ bò ó lórí kí òjò má pa á, ṣùgbọ́n ẹ má há a mọ́.

2. Ẹ mọ irú jẹnẹrétọ̀ tí ẹ ní

Ìpele yìí ni gbogbo ènìyàn máa ń fò, òun ló sì ń pinnu ìpele karùn-ún. Nínú ọ̀pọ̀ jẹnẹrétọ̀ kékeré, wáyà méjèèjì tó ń gbé iná jáde kò kan ara irin ẹ̀rọ náà níbikíbi. Kò sí láìfù gidi, kò sí niútírà gidi. Wáyà méjì lásán ni wọ́n. Ìdí nìyẹn tí tẹ́sítà fi máa ń tàn lórí méjèèjì, tí oníná á sì pariwo pé jẹnẹrétọ̀ náà ní láìfù méjì. Nínú àwọn mìíràn, láti ilé-iṣẹ́ ni wọ́n ti so ọ̀kan mọ́ ara irin.

Báyìí lẹ ṣe máa mọ èyí tó jẹ́ tiyín. Ẹ pa jẹnẹrétọ̀. Kí ohunkóhun má ṣe wà lára rẹ̀. Ẹ fi plọ́ọ̀gì mú wáyà méjèèjì jáde sí kọnẹ́tọ̀. Ẹ so ẹsẹ̀ kan gílóòbù 60W mọ́ wáyà àkọ́kọ́ nínú kọnẹ́tọ̀ náà, kí ẹ so ẹsẹ̀ kejì mọ́ bóòtù kan lára irin jẹnẹrétọ̀, níbi tí ẹ ti họ ọ̀dà kúrò. Ẹ tan jẹnẹrétọ̀, ẹ wo gílóòbù, ẹ pa á. Lẹ́yìn náà ẹ gbé ẹsẹ̀ gílóòbù lọ sórí wáyà kejì, ẹ tún un ṣe. *Ẹ má ṣe pààrọ̀ wáyà nígbà tí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́, ẹ má sì fọwọ́ kan ara irin rẹ̀ nígbà ìdánwò.*

Ìtumọ̀ ohun tí ẹ rí nìyí:

- Gílóòbù kò tàn lórí ìkankan: kò sí èyí tí wọ́n so. Irú èyí ló pọ̀ jù.
- Ó tàn dáadáa lórí ọ̀kan, kò tàn lórí èkejì: wọ́n ti so ó. Èyí tó tàn ni láìfù, èyí tí kò tàn ni niútírà. Ẹ fi téèpù sàmì sí i.
- Ó tàn bàìbàì lórí méjèèjì: àárín ni wọ́n ti so ó, bíi ti àwọn tòkunbọ̀ tó wá láti Amẹ́ríkà. Ẹ má so èyíkéyìí nínú wáyà méjèèjì mọ́ ilẹ̀, torí ìdajì iná ẹ̀rọ náà ni yóò pa pọ̀ mọ́ra. Ẹ dá iṣẹ́ dúró, kí ẹni tó mọ inú ẹ̀rọ wá wò ó kí ẹ tó tẹ̀síwájú.

Mọ́tímítà nìkan kò tó fún ìpele yìí. Lára jẹnẹrétọ̀ tí wọn kò so, yóò máa fi 80V tàbí 110V hàn yín tí kò ní agbára kankan lẹ́yìn. Gílóòbù kì í purọ́ bẹ́ẹ̀.

3. Ọ̀pá ilẹ̀

Ẹ wá ibi tí ilẹ̀ kì í tètè gbẹ: ẹ̀gbẹ́ ibi tí omi bálùwẹ̀ ń gbà kọjá, ìdí tánkì omi, abẹ́ ibi tí òjò ń dà sí láti orí òrùlé. Kí ó má jẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó yẹ̀pẹ̀ dí. Ilẹ̀ wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ pupa, ó le, nígbà ọyẹ́ ó sì máa ń gbẹ wọnú dáadáa. Ọ̀pá tó ń ṣiṣẹ́ ní oṣù Kẹjọ lè má wúlò ní oṣù Kìíní.

Ẹ gbẹ́ ihò kékeré, ẹ da omi sí i, kí ẹ wá máa gbá ọ̀pá wọlẹ̀ títí yóò fi ku bí ìbú ọwọ́ kan. Bí ọ̀pá bá kan àpáta, àwọn oníná kan á fi ayùn gé èyí tó kù sókè. Ẹ ò gbọdọ̀ gbà. Kí ó yọ ọ́, kí ó gbá a wọlé ní ìdagun, tàbí kí ẹ gbẹ́ kòtò gígùn kí ẹ tẹ́ ẹ sínú rẹ̀. Kíláàǹpù ni kí ó fi di wáyà mọ́ ọ̀pá. Kí ó má kàn wé e. Kí ẹ fi ìbò simẹ́ńtì bo orí rẹ̀ kí ẹ lè máa rí kíláàǹpù náà yẹ̀ wò.

Iyọ̀ àti èédú tí àwọn ènìyàn ń dà sí ìdí ọ̀pá: èédú dára, ó ń pa ọ̀rinrin mọ́. Iyọ̀ ń ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó sì ń jẹ bàbà àti kíláàǹpù. Èmi kì í dà á.

*Àyẹ̀wò.* Iná NEPA lẹ máa fi ṣe èyí, torí wọ́n ti so niútírà NEPA mọ́ ilẹ̀ nídìí tànsífọ́mà. Iná jẹnẹrétọ̀ tí wọn kò so kò ní tan gílóòbù náà. Ẹ ṣe é kí ẹ tó gbé RCD sí i. Kí oníná tú wáyà ilẹ̀ ilé kúrò lára ọ̀pá, kí ọ̀pá dá wà. Kí àwọn ọmọdé àti ẹran ọ̀sìn kúrò nítòsí, torí bí ilẹ̀ bá gbẹ, ọ̀pá fúnra rẹ̀ lè gbé ènìyàn nígbà ìdánwò. Kí ó wọn iná láàárín láìfù àti niútírà. Ẹ jẹ́ ká ní ó jẹ́ 228V. Kí ó pa iná, kí ó so gílóòbù 100W láàárín láìfù àti ọ̀pá, kí ó tan iná, kí ó sì wọn orí gílóòbù náà. Bó bá jẹ́ 215V, 13V ló sọnù sínú ilẹ̀. Pẹ̀lú gílóòbù 100W, gbogbo 4V tó bá sọnù dúró fún bí ọ́ọ̀mù 10 (ọ́ọ̀mù ni ìwọ̀n bí nǹkan ṣe ń dí iná lọ́nà tó; bó bá ṣe kéré tó ló ṣe dára tó fún ọ̀pá). Ọ̀pá yìí wà ní bí ọ́ọ̀mù 30 nìyẹn. Bí 40V tàbí jù bẹ́ẹ̀ bá sọnù, ẹ fi ọ̀pá kejì kún un.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí, nítorí ibí ni ọ̀pọ̀ onílé ti ń fọkàn balẹ̀ jù. Wọ́n á ní, "A ti gbá ọ̀pá, ilé wa ti ní ilẹ̀." Ká ní láìfù NEPA já kan ara fíríìjì nínú ilé yìí. Iná 230V tó gba ọ́ọ̀mù 30 kọjá kò ju bí 7.7A lọ. Brẹ́kà 32A kò ní mira rárá. Fíríìjì yóò dúró síbẹ̀ pẹ̀lú iná lára rẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́, mítà yín á sì máa kà á. Ọ̀pá nìkan kì í já brẹ́kà. Ohun tó máa gé iná yẹn ni RCD, a ó dé ibẹ̀.

4. Ṣéńjófà: kí ó gé méjèèjì

Kí oníná yọ fíúsì kọ́táòtù (fíúsì tí iná NEPA ń gbà wọ ilé), kí ó sì fi mọ́tímítà rí i dájú pé iná ti lọ. Láìfù àti niútírà NEPA máa wọ ẹ̀gbẹ́ kan, láìfù àti niútírà jẹnẹrétọ̀ máa wọ ẹ̀gbẹ́ kejì, àárín máa lọ sí ilé. Wáyà ilẹ̀ kì í gba inú ṣéńjófà kọjá. Kì í gé. Wáyà kẹta láti ara jẹnẹrétọ̀, wáyà ilẹ̀ láti ọ̀pá, àti wáyà ilẹ̀ láti DB, gbogbo wọn á pàdé lórí irin ẹlẹ́nu púpọ̀ náà.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣi í ṣe nìyí: oníná á fi ṣéńjófà gé láìfù nìkan, á wá lọ́ niútírà méjèèjì pọ̀ lẹ́yìn pátákó, á fi téèpù dúdú wé e. Ó ń ṣiṣẹ́, gílóòbù ń tàn, ẹ ó sì rò pé ó parí. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, niútírà jẹnẹrétọ̀ yín wà lára wáyà òpó ìta, ní wákàtí tí àwọn òṣìṣẹ́ iná lè wà lórí òpó náà pẹ̀lú ọkàn pé iná kò sí. Bí niútírà àdúgbò bá sì já lọ́nà, ìdààmú rẹ̀ á wọlé bá yín bí ẹ tilẹ̀ wà lórí jẹnẹrétọ̀.

Wáyà olórí plọ́ọ̀gì méjì tí àwọn kan ń fi ti iná jẹnẹrétọ̀ bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ògiri burú ju ìyẹn lọ. Bí ẹ bá gbàgbé láti pa brẹ́kà ńlá, iná yín á jáde sí títì, á wọ tànsífọ́mà láti ẹ̀yìn. Tànsífọ́mà tó ń sọ 11,000V di 415V fún àdúgbò á tún sọ iná yín di ẹgbẹẹgbẹ̀rún fóltì lórí wáyà òkè. Àwọn tó ń tún òpó ṣe ni yóò pa. Bí NEPA bá sì mú iná wá lójijì, jẹnẹrétọ̀ yín á jóná. Bí irú wáyà bẹ́ẹ̀ bá wà nílé yín, ẹ gé e lónìí.

*Àyẹ̀wò.* Iná kò sí níbi kankan, jẹnẹrétọ̀ kò tàn, gbogbo plọ́ọ̀gì ilé ti yọ. Ẹ gbé mọ́tímítà sí ibi tó máa ń dún bí ohun méjì tí ẹ fi kàn bá so pọ̀.

- Ọwọ́ ṣéńjófà wà ní GEN: niútírà NEPA sí niútírà ilé kò gbọdọ̀ dún.
- Ọwọ́ wà ní NEPA: niútírà jẹnẹrétọ̀ sí niútírà ilé kò gbọdọ̀ dún.
- Ọwọ́ wà ní 0: niútírà ilé kò gbọdọ̀ dún pẹ̀lú èyíkéyìí.

Ẹ ṣe ìdánwò yìí kí ẹ tó ṣe ìpele karùn-ún. Lẹ́yìn rẹ̀, iná mọ́tímítà lè gba inú ilẹ̀ lọ, gba ìdí tànsífọ́mà bọ̀, kí ó sì dún lórí iṣẹ́ tó dára.

5. Niútírà pẹ̀lú ilẹ̀: ibi kan ṣoṣo

Bí ìpele kejì bá fi hàn pé láti ilé-iṣẹ́ ni wọ́n ti so niútírà jẹnẹrétọ̀ yín mọ́ ara irin, ẹ má tún so ó. Kí oníná kàn rí i pé wáyà tí ẹ sàmì sí ló wọ ojú niútírà ní ẹ̀gbẹ́ GEN, kí ó sì jẹ́ plọ́ọ̀gì tí kò ṣeé yí po ló wà lẹ́nu rẹ̀. Ẹ kọjá sí ìpele kẹfà.

Bí gílóòbù kò bá tàn lórí ìkankan, wáyà kékeré kan ló kù: láti ojú niútírà ní *ẹ̀gbẹ́ GEN* ti ṣéńjófà lọ sí irin tí gbogbo wáyà ilẹ̀ pàdé sí. Kí ó nípọn tó wáyà jẹnẹrétọ̀, kí ó jẹ́ aláwọ̀ ewé àti yẹ́lò. Láti ìgbà náà, wáyà yòówù tó bá wọ ojú yẹn ti di niútírà, èkejì ti di láìfù. Tẹ́sítà á tàn lórí ọ̀kan, á kú lórí èkejì.

Ẹ wo ohun tí wáyà kékeré yìí ṣe. Bí láìfù bá kan ara fíríìjì nígbà tí ẹ wà lórí jẹnẹrétọ̀, iná náà á gba wáyà ilẹ̀ fíríìjì dé irin ìpàdé, á gba wáyà kékeré náà wọ niútírà, á padà sínú jẹnẹrétọ̀. Orí bàbà ni gbogbo ìrìn rẹ̀. Kò wọnú ilẹ̀ gbígbẹ kankan. RCD á rí i lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Láìsí wáyà náà, iná yẹn kò ní ọ̀nà àbọ̀, RCD kò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀, fíríìjì á sì máa dúró de ọjọ́ tí wáyà kejì máa bó níbòmíràn nínú ilé. Ọjọ́ yẹn ni yóò pa ènìyàn.

Kò gbọdọ̀ sí lójú àárín ṣéńjófà, kò gbọdọ̀ sí nínú DB, kò gbọdọ̀ sí lẹ́yìn sọ́kẹ́ẹ̀tì. Mo ti rí ilé tí wọ́n ti fi wáyà kúkúrú so ojú niútírà mọ́ ojú ilẹ̀ nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì fíríìjì, kí tẹ́sítà má baà tàn lára fíríìjì mọ́. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, iná NEPA tó yẹ kó gba niútírà padà á máa gba ara fíríìjì. Ọjọ́ tí niútírà ilé bá já, gbogbo ara irin fíríìjì á di láìfù pátápátá.

*Àyẹ̀wò.* Ohun gbogbo ṣì wà ní pípa. Ọwọ́ ṣéńjófà ní GEN: niútírà ilé sí irin ìpàdé gbọdọ̀ dún. Ọwọ́ ní 0: kò gbọdọ̀ dún. Bó bá ṣì ń dún ní 0, ìsopọ̀ mìíràn fara pamọ́ síbì kan nínú ilé. Kí oníná tú niútírà DB ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí tí yóò fi dákẹ́. Èyí tó tú tó fi dákẹ́ ni kí ó tọ̀ lọ.

Fún ilé oníféèsì mẹ́ta tí jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ jẹ́ féèsì kan: wọ́n sábà máa ń fi wáyà kó láìfù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ GEN. Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n niútírà kan ló máa gbé ẹrù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà, kó má ṣe tín-ín-rín. Ẹ̀rọ omi oníféèsì mẹ́ta kò gbọdọ̀ jẹ iná náà rárá.

6. RCD

Ó máa wà láàárín ṣéńjófà àti DB, kí ó lè ṣọ́ ilé lórí NEPA àti lórí jẹnẹrétọ̀. Láìfù àti niútírà ló gbọdọ̀ gba inú rẹ̀ kọjá. Ní ilé tí ayálégbé pọ̀ sí, tí yàrá wà lápá ọ̀tún àti òsì ọ̀dẹ̀dẹ̀, oníná máa ń yá niútírà yàrá kan lò fún gílóòbù yàrá kejì tí kò sí lábẹ́ RCD kan náà. RCD kò ní gbà bẹ́ẹ̀. Yóò máa já láìdá. Oníná tó bá ní "RCD yìí ti bàjẹ́, ẹ jẹ́ kí n yọ ọ́," kí ó kọ́kọ́ wá niútírà tó yá.

*Àyẹ̀wò.* Bọ́tìnnì T wà lójú rẹ̀. Tí iná bá wà tí ẹ tẹ̀ ẹ́, ó gbọdọ̀ já. Ṣùgbọ́n ẹ fetí sí èyí: T ń dán inú RCD wò nìkan. Yóò já bí kò bá tilẹ̀ sí ọ̀pá ilẹ̀ kan ṣoṣo nínú ilé náà. Ọ̀pọ̀ oníná máa tẹ̀ ẹ́ lójú yín, á já, wọ́n á ní iṣẹ́ pé. Kò tíì pé.

Ìdánwò gidi nìyí. Ẹ yọ gbogbo plọ́ọ̀gì, kí gbogbo ènìyàn jáde síta, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan irin kankan. Ní pípa iná, kí oníná so gílóòbù 60W láàárín láìfù àti ojú ilẹ̀ lẹ́nu plọ́ọ̀gì kan, kí ó tì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì tí súwíṣì rẹ̀ wà ní pípa. Kí ó gbé iná wá, kí ó tan súwíṣì náà. Gílóòbù 60W ń fa bíi 260mA, ó ju 30mA lọ ní ìlọ́po mẹ́jọ. RCD gbọdọ̀ já kí ojú tó rí i pé gílóòbù tàn. Ẹ ṣe é lórí NEPA, ẹ ṣe é lórí jẹnẹrétọ̀, ní gbogbo sọ́kẹ́ẹ̀tì.

- Ó já lórí méjèèjì: iṣẹ́ pé.
- Ó já lórí NEPA, kò já lórí jẹnẹrétọ̀: wáyà ìpele karùn-ún kò sí, tàbí ó ti bó.
- Ó já lórí jẹnẹrétọ̀, kò já lórí NEPA: ọ̀pá ni kò dára, tàbí wáyà tó lọ bá a ti já.
- Kò já lórí ìkankan ní sọ́kẹ́ẹ̀tì kan: wáyà ilẹ̀ kò dé sọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn. Èyí pọ̀ ní ilé àtijọ́. Bí gílóòbù bá tàn tí kò sì kú, ẹ pa iná kíá.

7. Títàn àti pípa

Ọwọ́ ṣéńjófà ní 0. Ẹ tan jẹnẹrétọ̀, ẹ jẹ́ kó gbóná fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Kí fóltéèjì rẹ̀ wà láàárín 220V sí 240V. Ẹ gbé ọwọ́ lọ sí GEN, gílóòbù ṣáájú, fíríìjì tẹ̀lé e, ẹ̀rọ omi kẹ́yìn. 2.5kVA kò ju bíi 11A lọ. Áyọ́ọ̀nù àti ẹ̀rọ omi kò lè bá ara wọn jẹ ẹ́. Tí NEPA bá dé, ẹ gbé ọwọ́ padà sí 0, ẹ jẹ́ kí jẹnẹrétọ̀ sáré lófìfo díẹ̀, ẹ pa á, kí ẹ tó lọ sí NEPA. Ẹ má da bẹntiróòlù sí i nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́ tàbí tó ṣì gbóná.

Ẹ fi ọ̀dà kọ ọ́ sára ṣéńjófà pé niútírà GEN ni wọ́n so mọ́ ilẹ̀, kí oníná mìíràn tó bá dé lọ́dún tó ń bọ̀ má baà so òmíràn. Ẹ máa tẹ T lóṣooṣù. Bí ẹ bá pààrọ̀ jẹnẹrétọ̀, ẹ tún ìpele kejì ṣe kí ẹ tó so tuntun náà, torí tuntun lè ti ní ìsopọ̀ tirẹ̀ nínú. Ìsopọ̀ méjì pẹ̀lú wáyà tó yí po á pa láìfù àti niútírà pọ̀.

Ìdánwò gílóòbù ìpele kẹta àti kẹfà, ẹ jẹ́ kí oníná máa ṣe wọ́n lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, nígbà tí ọyẹ́ bá ti mú dáadáa. Bí ohun tó sọnù sínú ilẹ̀ nígbà náà bá ju ìlọ́po méjì ti ìgbà òjò lọ, ọ̀pá kò jìn tó. Ẹ gbá òmíràn sí i, kí ó fi ẹsẹ̀ bàtà 6 ó kéré tán jìnnà sí ti àkọ́kọ́, kí ẹ sì fi wáyà kan náà so wọ́n pọ̀.